Gírámà Cron àti Ọjọ́ Ọjà



Ẹ lè máa bi ara yín léèrè pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn mi ni pé cron, èyí tí a fi ń yan àkókò iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ní gírámà tirẹ̀.

Inú Unix ni cron ti wá. Ó wà nínú ẹ̀yà keje rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1979, a sì ń lò ó títí di òní. Àyè márùn-ún ni ó ṣáájú iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe: ìṣẹ́jú (0 sí 59), wákàtí (0 sí 23), ọjọ́ inú oṣù (1 sí 31), oṣù (1 sí 12) àti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ (0 sí 6, 0 ni ọjọ́ Àìkú). Àmì ìràwọ̀ dúró fún ‘gbogbo’. Nítorí náà, ‘30 6 * * 1’ ń wí pé: ṣe iṣẹ́ yìí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

Ẹ jẹ́ kí a gbé gírámà yìí lọ sí Àlàbá Rago ní Ọ̀jọ́. Àgbò ni ‘rago’ ní èdè Hausa, Iléyá sì ni àsìkò tí àgbò ń tà jù lọ. Ká ní oníṣòwò kan níbẹ̀ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá lọ́dọọdún. Inú àyè wo ni yóò kọ ọ́ sí? Kò sí ọ̀kan. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá nínú kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí ni Iléyá, òṣùpá ni kàlẹ́ńdà náà sì ń tẹ̀ lé. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni. Ní 2024, ọjọ́ 16. Ní 2025, ọjọ́ 6.

Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti àwọn baba wa pàápàá kò rí àyè. Ọrún ni a ń pe ọjà rẹ̀, nítorí pé a ń ka ọjọ́ ọjà tí ó kọjá mọ́ ti òní. Bí a bá kọ ‘*/4’ sí àyè ọjọ́ inú oṣù, a ó rí ọjọ́ 1, 5, 9, títí dé 29. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti yí, 1 ni kíkà yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Bí oṣù náà bá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, ọjọ́ méjì péré ni yóò wà láàárín 29 àti 1. Ọjọ́ ọjà ti yẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ kò sì ní kígbe, nítorí pé ohun tí a kọ ni ó ṣe.

Àtúnṣe wà. Kí cron máa jí ètò náà lójoojúmọ́, kí ètò náà sì fúnra rẹ̀ ka iye ọjọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1970, níbi tí Unix ti ń bẹ̀rẹ̀ àkókò, kí ó fi mẹ́rin pín in. Àṣẹ́kù ni yóò sọ bóyá ọjọ́ ọjà ni. Ní ti Iléyá, ènìyàn ni yóò máa fojú sílẹ̀ fún òṣùpá, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lọ́dọọdún.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní àyè márùn-ún wọ̀nyí, kí a kọ́ wọn ní ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá pẹ̀lú, kí wọ́n má baà rò pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò lè kọ kò sí.