Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ àti Ìtàn Ìlú ní Savalou àti Bantè



Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìtàn ní Savalou, ààfin ọba Gbaguidi ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Bantè, lọ́dọ̀ àwọn Ìṣà, yóò wá àwọn àgbà agbo ilé lọ, yóò sì gbọ́ oríkì. Ibi tí ẹsẹ̀ kì í sábà yà sí ni ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, nítorí a gbà pé ọmọ ìjọ nìkan ló ni ín. Ohun tí mo bá wá lónìí ni pé gbogbo ìlú ló ni ín, abọ̀rìṣà àti Mùsùlùmí pẹ̀lú.

Kí ẹ lè rí ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1538, Thomas Cromwell, òjíṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ ẹni tí a rì bọmi, ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tí a sin sínú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àpótí ìwé náà ní láti ní àgádágodo méjì: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ àlùfáà, èkejì lọ́wọ́ àwọn alámòójútó ìjọ, kí ẹnì kan má baà dá a ṣí. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ tí ìdílé rẹ̀ kò jọba rí lè rí orúkọ àwọn babańlá rẹ̀ lónìí.

Tiwa kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1861 ni àlùfáà Francesco Borghero gúnlẹ̀ sí Ouidah, ó sì pẹ́ kí ìgbàgbọ́ Kátólíìkì tó gòkè dé àárín àwọn òkè wa. Ọdún 1995 ni Dassa di ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù.

Síbẹ̀, ẹ ṣí ìwé ìrìbọmi Kátólíìkì wò. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, orúkọ ìyá àti bàbá, ti òbí ìrìbọmi, ti àlùfáà, àti ọjọ́. Etí ìwé gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Bí ọmọbìnrin Bantè kan bá ṣègbéyàwó ní Cotonou lẹ́yìn ogún ọdún, ìròyìn náà gbọ́dọ̀ padà wá sí ìjọ tó ti rì í bọmi, kí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìlà kan péré ń sọ ibi tí ọmọ wa lọ àti ẹni tó fẹ́. (Ẹ mú sùúrù pẹ̀lú ọwọ́ àwọn àlùfáà Faransé: Adéṣínà lè di Adéchina.)

Ẹ fi ìwé yìí wé ojúbọ Dankoli, lójú ọ̀nà tó lọ láti Savalou sí Bantè. Ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ á gbá èèkàn igi mọ́ ọn, á sọ ohun tó ń fẹ́, á ta epo sí i, á fi ẹnu fẹ́n ọtí sodabi lé e. Bó bá rí i gbà, á padà wá san ẹ̀jẹ́. Èèkàn pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó gbá a ló mọ ìtàn rẹ̀. Bó bá kú, ìtàn lọ. Ọ̀wọ̀ Dankoli kò dín lójú mi. Mo fẹ́ kí a kọ tirẹ̀ náà sílẹ̀ ni.

Ìjọ àti àṣà ìbílẹ̀ kò sì jìnnà síra wọn láyé wa. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ni Savalou ń ṣọdún iṣu tuntun. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ìjọ ń ṣe àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà. Ilé kan náà ló ń gúnyán tó sì ń lọ sí Máàsì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ìjọ bá ti pọ̀ sí i, èrò àkọ́kọ́ ni kí a wó ilé àtijọ́, kí a kọ́ ńlá. Ẹ kọ́ ńlá, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ti àwọn ìwé ìjọ, kí ìjọ àti ààfin yan ọ̀dọ́ tó lè ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà wà níhà méjèèjì. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ikán ti ń jẹ, kí wọ́n sì pe àwọn arúgbó wá ka orúkọ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.