Báwo Ló Ṣe Ń Dún? Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́ Tó Ń Nọ́ọ̀kì

Èdè ni mò ń kọ́ni. Bí ẹ bá ń ronú pé kí ló kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ ní Ìbàdàn, Peugeot 504 tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo bá kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi dájọ́: "Ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kì, Ọ̀gá. Ẹ lọ wá òmíràn rà." Sípánà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ bá bàbá arúgbó kan. Bàbá kò mú nǹkan kan dání. Ó ní, "Báwo ló ṣe ń dún?" Ojú tì mí láti máa fi ẹnu ṣe bíi mọ́tò lójú àwọn ọmọ iṣẹ́, àmọ́ mo ṣe é: "Tá-tá-tá-tá." Bàbá ní, "Kì í ṣe gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá." Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Òkè ló wà."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ìbéèrè yẹn. Nínú èdè wa, ohùn ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń ru ẹrù wíwúwo, ohùn òkè ló sì ń ru fífúyẹ́. Bí ìrókò bá wó, gbìì la ó wí. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé abẹ́rẹ́ bọ́ lulẹ̀ gbìì. Ohun tí Bàbá fi pín ẹ́ńjìnnì mi sí méjì nìyẹn, kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Fáàfù àti tápẹ́ẹ̀tì tó wà lókè kéré, wọ́n fúyẹ́, tá-tá-tá ni ti wọn. Kíráńkì àti bẹ́ríìnì tó wà nísàlẹ̀ wúwo, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ ni wọ́n ń gún bí ọmọ odó.

Ohùn nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ìlù rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kíráńkì á yí lẹ́ẹ̀mejì kí fáàfù kọ̀ọ̀kan tó ṣí lẹ́ẹ̀kan. Bí mọ́tò bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 800 láàárín ìṣẹ́jú kan, tápẹ́ẹ̀tì kan tó tú á dún ní ìgbà 400. Kò sí ẹni tó lè ka ìyẹn lẹ́nu. Àmọ́ ẹni tó ní iná táímìn lè so ó mọ́ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì kan. Iná náà á máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Bí ariwo àti iná náà bá ń rìn pọ̀, ẹ kọ́kọ́ fura sí òkè. Bí ariwo bá jẹ́ méjì sí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí iná náà ṣẹ́jú, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

Ìbéèrè kejì ni pé nígbà wo ló ń dún. Èyí tó ń dún láàárọ̀ kùtùkùtù, tó sì ń lọ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, písítìnì tó ti jẹ ló sábà máa ń jẹ́. Ooru á mú un wú, àyè á sì dín. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan láì pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó ń le sí i bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná, tó tún hàn nígbà tí ẹ bá ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, bẹ́ríìnì kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnì mọ́ kíráńkì, ni, kò sì ní dúró dè yín.

Ariwo mìíràn wà tí kì í ṣe irin ló ń lu irin. Bí ẹ bá ń gun òkè, tí ẹ gbọ́ ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, epo ló ń bú. Ó yẹ kí iná pọ́lọ́ọ̀gì jó epo láti ìhà kan lọ sí ìhà kejì, bí iná ṣe ń jó pápá. Bí ooru àti ìfúnpọ̀ bá pọ̀jù, epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí ariwo yìí ni Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ní Amẹ́ríkà, ṣe wá oògùn kiri títí ó fi rí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1921: òjé ni wọ́n ń pò mọ́ epo. Ariwo dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ májèlé ni òjé, ó sì kó sí Midgley gan-an lára. Ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ títa epo tí òjé wà nínú rẹ̀ fún mọ́tò dúró. Ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí ariwo! Ní ti 504 àtijọ́, táímìn tí a dá padà díẹ̀, tàbí èédú tí a ha kúrò lórí písítìnì, lè tó o.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni iṣẹ́ ọwọ́ kàn. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ ṣáájú ohun gbogbo. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ẹ fi kún un. Bí nǹkan dídán wẹ́wẹ́ bá wà nínú rẹ̀, bẹ́ríìnì ló ń jẹ lọ. Ẹ bọ́ bẹ́líìtì, kí ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀: bí ariwo bá dákẹ́, ohun tí bẹ́líìtì ń yí ló ń dún, ẹ́ńjìnnì kò ṣẹ̀ yín. Bí kò bá dákẹ́, ẹ ki ẹnu sukurudiráfà gígùn mọ́ ara irin, kí ẹ fi etí lé ìdí rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín: Laennec, dókítà ará Faransé, fi ìwé tó ká gbọ́ àyà aláìsàn ní 1816, ibẹ̀ ni ohun èlò tí dókítà ń fi kọ́rùn ti wá. Lórí mọ́tò àtijọ́, Bàbá tún máa ń fi ohun tí iná kì í gbà kọjá yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ tí gbọ̀-gbọ̀ rọlẹ̀, bẹ́ríìnì ibẹ̀ ni, nítorí agbára tó ń ti písítìnì náà kò sí mọ́. Ẹ má dán èyí wò lórí mọ́tò òde òní.

Àwọn kan wà tí ń da ọ́ìlì kíki sínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kó lè dákẹ́ títí oníbàárà á fi sanwó. Olè ni wọ́n.

Ní ti tèmi, Bàbá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ó ṣí ìdérí fáàfù, ó rí nọ́ọ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kan tó ti tú. Ó fi abẹ irin tín-ínrín wọn àlàfo tí kò tó ìdajì mìlímítà, ó dè é. Kò gbà á tó wákàtí kan.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, mo bẹ̀ yín, ẹ máa béèrè kí ẹ tó mú sípánà. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má tijú, ẹ ṣe é lẹ́nu bó ṣe ń dún gan-an. Bí ó bá sì jẹ́ gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, tí iná ọ́ìlì tún tàn, ẹ pa á síbẹ̀. Ẹ má ní ẹ fẹ́ wà á délé. Owó tí wọ́n fi ń wọ́ mọ́tò kò tó owó kíráńkì.