Kọ̀ǹpútà Tí Ń Kú Lójijì: Bí A Ṣe Wá Ìdí Àrùn Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí ń tọ́jú ìwé ìlú wá sọ ohun tí ojú wa rí lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó ní irú rẹ̀ nílé.

Inú kọ̀ǹpútà yìí, tí ó wà ní ilé akọ̀wé wa, ni a kó orúkọ àwọn ọmọ tí Ẹgbẹ́ ń san owó ilé-ìwé wọn sí, àti ohùn àwọn àgbà tí wọ́n sọ ìtàn agbo-ilé kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ nínú àwọn àgbà náà ti re ibi tí àgbà ń rè, ohùn wọn kò sì sí níbòmíràn. Ẹ ó mọ bí àyà wa ti já tó nígbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì lẹ́nu iṣẹ́.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan. Kò bi wá ní ìbéèrè kankan. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé òun yóò pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, òun yóò sì fi Windows tuntun sí i. Díẹ̀ ni ó kù kí a gbà. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀kan nínú wa tí ó béèrè pé, "Ohùn àwọn baba wa ńkọ́?" Ni a bá gbé ẹ̀rọ wa padà sílé.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: kí a tó wá ìdí àrùn, kí a kọ́kọ́ gba ẹrù là. A ra díìsìkì àgbéká kan, a sì ń da ohun gbogbo kọ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, títí ó fi pé.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí a máa kọ ohun tí a rí sílẹ̀. A fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, a ń kọ wákàtí tí ó kú, iṣẹ́ tí a ń ṣe, àti bí ó ti kú. Nítorí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà gbà kú a máa tọ́ka sí àrùn rẹ̀. Èyí tí ó bá kú bí àtùpà tí afẹ́fẹ́ pa, láìsọ ohunkóhun, ooru tàbí iná mànàmáná ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Èyí tí ojú rẹ̀ bá di aró tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ síta, kí a da ọ̀rọ̀ náà kọ. Ó lè jẹ́ RAM, èyí tí ẹ̀rọ fi ń rántí ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́, tàbí ohun tuntun kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú rẹ̀. Èyí tí ó bá ń falẹ̀, tí díìsìkì inú rẹ̀ sì ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, kí a má fi àkókò ṣòfò láti kó ẹrù wa jáde.

Ìwé kékeré yìí ni ó la ojú wa. Ní ọ̀sán, ẹ̀rọ náà kì í lo ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Ní òwúrọ̀, ó ń lo ju wákàtí kan lọ. A yọ wáyà iná, a ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ekuru ọyẹ́ ti bo fáànù àti irin tí ń gba ooru kúrò lára ọpọlọ ẹ̀rọ bí òwú. Bí ọpọlọ náà bá ti gbóná tó nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ńṣe ni ẹ̀rọ ń pa ara rẹ̀ kí ó má bàa jóná. A fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá ní àlàáfíà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ojú rẹ̀ di aró. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: àrùn méjì ni ó ń ṣe é. RAM inú rẹ̀ jẹ́ méjì. A yọ ọ̀kan, a lo èkejì fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà a fi èyí tí a yọ rọ́pò rẹ̀ nínú ihò kan náà. Nígbà náà ni a mọ èyí tí ó bàjẹ́, a sì ra òmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé a pa ohun gbogbo méjèèjì dà lẹ́ẹ̀kan, a kì bá tí mọ èwo ni ọ̀daràn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Windows tuntun tí a fẹ́ sanwó fún kì bá tí wo ọ̀kankan sàn nínú àrùn méjèèjì.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n a kò tún gbẹ́kẹ̀ lé e ní òun nìkan. Ohùn àwọn àgbà wà ní ibi mẹ́ta: nínú kọ̀ǹpútà, nínú díìsìkì àgbéká, àti lọ́wọ́ ẹ̀ka Ẹgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn odi. A bẹ̀ yín, ẹni tí ó bá ní ohùn tàbí àwòrán àgbà lọ́wọ́, kí ó mú un wá kí a dà á kọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí.