Tíkẹ́ẹ̀tì Àríyá Halloween ní Páákì: Ṣé Ó Tó Owó Tí Wọ́n Ń Gbà?

Láti Ìṣẹrí Olówóra níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, nínú yàrá mi, pẹ̀lú tìmùtìmù mẹ́ta tí mo fi dí fèrèsé. Bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa lábẹ́ ohùn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀dọ̀ àǹtí mi kan tó wà ní Florida ni ọ̀rọ̀ òní ti wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ìwọ tó ò ń ṣiṣẹ́ lóde àríyá, wá gbà mí nímọ̀ràn." Àwọn ọmọ wọn fẹ́ lọ síbi àríyá Halloween tí Disney máa ń ṣe ní Magic Kingdom ní Orlando. Ọmọ méjì, ìyá àti bàbá, ẹni mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn ti wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àyà àwọn sì já.

Èmi náà lọ wò ó. Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í tẹ̀ lé irú nǹkan báyìí: Halloween ni alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù October. Àwọn ọmọdé á wọ aṣọ oríṣiríṣi, wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn ilé dé ilé láti gba súìtì. Ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ àwọn tó ni páákì ti rí i tipẹ́ pé owó wà níbẹ̀. Láti 1973 ni Knott's Berry Farm ní California ti ń ta alẹ́ ẹlẹ́rù fún àwọn èèyàn, Universal ní Orlando sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1991. Ti Disney kì í dúró de October rárá. Láti oṣù August ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ní àwọn alẹ́ kan lọ́sẹ̀, aago méje sí aago méjìlá òru. Ní ọdún 2025, tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 119, ó sì gòkè dé 229 bí October ṣe ń parí lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í san nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àǹtí mi ti kọjá ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fojú bù ú. Ẹni mẹ́rin ní dọ́là 119, ó di 476. Bí a bá ṣẹ́ dọ́là kan ní náírà 1,450, ó lé ní náírà 690,000. Náírà 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin sọ pé kí òṣìṣẹ́ gbà ní Nàìjíríà láti 2024. Ìyẹn ni pé kí èèyàn ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, kó má jẹun, kó má wọkọ̀, nítorí alẹ́ kan ṣoṣo. Mo pariwo. Màmá mi sáré jáde láti ilé ìdáná, wọ́n ní ta ló kú.

Ká ní ibẹ̀ ni ohùn àǹtí mi parí sí ni, mi ò bá ti dáhùn pé kí wọ́n fowó wọn pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ohùn wọn wálẹ̀. Wọ́n ní lọ́dún tó kọjá, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì pé òun ti lọ. Kò lọ. Ọmọ kan bi í pé aṣọ wo ló wọ̀, òmíràn bi í pé ọjọ́ wo ni. Ọjọ́ tó dá kò sí àríyá kankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní òpùrọ́.

Mo dá ohùn náà dúró síbẹ̀. Mo jókòó.

Ẹ gbọ́, mo wà ní pírámárì fọ́ọ̀ nígbà tí ilé ìwé wa kó àwọn ọmọ lọ sí páákì eré kan. Owó mi ò sí. Sáà yẹn gan-an ni màmá mi san owó ìdánwò àṣewọlé fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n má lọ sílé ìwé lọ́jọ́ náà, kí n máa bá àwọn ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà ní kí gbogbo wa kọ àròkọ: ọjọ́ tí a lọ sí páákì. Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ kún ojú ìwé méjì. Mo kọ nípa kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sókè, mo ní mo rí òkun láti orí rẹ̀. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo gbà, tíṣà sì ní kí n kà á sétí gbogbo kíláàsì. Ọmọ kan tó jókòó níwájú yíjú wò mí, kò sọ̀rọ̀. Ojú yẹn ṣì wà lọ́kàn mi títí dòní. Màmá mi ò mọ̀ nípa rẹ̀ títí di àná, nígbà tí mo ka ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí sí wọn létí.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé owó nìkan lọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ kí n tó fún ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Lára iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n ya fídíò ìpolówó, kí n sì gé e. Mo ti ṣe é fún ibi eré ọmọdé rí, n kò ní dárúkọ wọn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la ya á, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọmọ márùn-ún péré la ní, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n. A pààrọ̀ aṣọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè dà bí ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo ohun ìgùn ṣófo, gbogbo ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo fi orin sí i. Àwọn ìyá wò ó, wọ́n sanwó.

Ní December 2023, ó wá kàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wọn lọ síbi òkú ní Ìjẹ̀bú, wọ́n fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún mi, ọkùnrin ọmọ ọdún méje, obìnrin ọmọ ọdún márùn-ún. Mo ní kí n mú wọn lọ sí alẹ́ Kérésìmesì kan tí wọ́n ń polówó ní páákì kan lápá Erékùṣù. Ibòmíràn ni o, kì í ṣe ibi tí mo bá ṣiṣẹ́. Náírà 15,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, 20,000 fún èmi. Aago méjì la kúrò ní Olówóra, aago márùn-ún la dé ibẹ̀. Ìlà tó wà lẹ́nu géètì ti yí ọgbà ká. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, ọmọkùnrin yẹn ti gun ohun kan ṣoṣo, mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń kọlu ara wọn, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àbúrò rẹ̀ ti sùn sí mi lẹ́yìn. Mo jí i pé kó wá wo Bàbá Kérésìmesì, ó rí irùngbọ̀n òwú, ó bú sẹ́kún. A ò gun kẹ̀kẹ́ ńlá. A ò rí ibi jókòó.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ lórí Third Mainland, ọmọkùnrin náà bi mí pé, "Àǹtí, ìgbà wo la máa lọ sí èyí tó wà nínú fídíò?"

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló là mí lójú. Kì í ṣe eré ni tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ ń rà. Àyè ló ń rà. Ohun ìgùn kan náà ni wọ́n ń gùn lọ́sàn-án ọjọ́ lásán. Ohun tí wọ́n ń fowó tó pọ̀ tà fún ẹ lálẹ́ ni pé èèyàn ò ní pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á ò bá ní iye èèyàn tó máa dá tíkẹ́ẹ̀tì dúró sí, òfìfo ló tà fún ẹ, kódà bí iná ibẹ̀ bá dára.

Ìdí nìyí tí ti Disney fi yàtọ̀, mo sì ní láti sọ òótọ́ bí owó wọn tiẹ̀ ń bí mi nínú. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àríyá yẹn lọ́tọ̀, iye rẹ̀ ní òpin, àwọn alẹ́ kan sì wà tó máa ń tán pátápátá. Tó bá di aago mẹ́fà, ẹni tó bá wá fún ọ̀sán á lọ sílé, okùn ọwọ́ ni wọ́n fi ń dá àwọn alálẹ́ mọ̀. Ìlà ohun ìgùn á wá kúrú. Ìwọ́de tí wọn kì í ṣe lọ́sàn-án wà, iná ojú sánmà wà, súìtì ọ̀fẹ́ náà wà. Ẹ má jẹ́ kí súìtì yẹn tàn yín jẹ o. Ẹ lè fi owó kékeré ra àpò rẹ̀ kan lọ́jà.

Ti Universal ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn sọ pé kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé mẹ́tàlá. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n tún ń ta ìwé mìíràn tí wọ́n ń pè ní Express, pé kó o fi yẹra fún ìlà, owó rẹ̀ sì lè tó ti tíkẹ́ẹ̀tì gan-an tàbí kó jù ú lọ. Ẹ rí i? Wọ́n ta ẹ̀rù lọ́tọ̀, wọ́n ta àyè lọ́tọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi to ohùn ètò yìí ní kí ló dé tí Yorùbá á fi máa sanwó kí ẹni tó bojú lè dẹ́rù bà á, nígbà tí egúngún wà nílé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà tán. Ní ọjọ́ 20 oṣù May, 2017, nígbà tí wọ́n gbé Ẹ̀yọ̀ jáde fún ayẹyẹ àádọ́ta ọdún Ìpínlẹ̀ Èkó, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Mo wọ dáńfó lọ sí Erékùṣù. Ṣùkú ni mo dì. Ìyá kan nínú ọkọ̀ bá mi tú u kíákíá, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí Ẹ̀yọ̀ fi ọ̀pá kí mi ni. Mo bọ́ bàtà mi sínú báàgì. N kò san kọ́bọ̀, mo sì rí aṣọ funfun tó kún títì bí omi. Èrò pọ̀ ju ti páákì December yẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, síbẹ̀ kò dùn mí, torí Ẹ̀yọ̀ ló ń rìn wá bá wa. Ní páákì, ìjókòó ogún ló wà, èèyàn ẹgbẹ̀rún ló ń dúró dè é. Àti pé Ẹ̀yọ̀ kì í jáde lọ́dọọdún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní Florida ò lè dúró dè é.

Ohun tí mo wá sọ fún àǹtí mi rèé. Mo ní kí wọ́n lọ, àmọ́ kó má ṣe ní October. Inú September, ní ọjọ́ iṣẹ́, níbi tí owó ti kéré ju ti October lọ. Kí wọ́n má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sán mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe àṣìṣe yẹn, nígbà tó jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ ń jẹ́ kéèyàn wọlé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n gbé ìrẹsì wọn dání, Disney ò ní kéèyàn má gbé oúnjẹ wọlé. Kí òbí kan ṣoṣo tẹ̀ lé àwọn ọmọ, kí èkejì jókòó sílé wo bọ́ọ̀lù. Tó bá jẹ́ dọ́là 119 náà ni fún ẹnì kan, owó ẹni mẹ́ta ti wálẹ̀ sí 357. Ìwọ́de náà máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, kí wọ́n wo ti àkọ́kọ́, torí ilé ìwé wà láàárọ̀. Tó bá jẹ́ káàdì gbèsè ni wọ́n máa fi san án, kí wọ́n má lọ, màá fúnra mi pe ọmọ náà láti bá a sọ̀rọ̀.

Àwa tí a wà nílé ńkọ́? December ti ń bọ̀, ìpolówó á sì bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo gé òmíràn nínú wọn. Ẹ pe nọ́ḿbà tó wà lára ìwé ìpolówó. Ẹ béèrè pé èèyàn mélòó lẹ fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún. Bí wọ́n bá ní "ẹ ṣáà máa bọ̀, àyè wà," ẹ jókòó sílé. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ ní ọjọ́ lásán, lọ́sàn-án, nígbà tí kì í ṣe ọdún. Ní tiwa níhìn-ín, Hi-Impact Planet wà ní Ìbafò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kò jìnnà sí Berger. Ọjọ́ Wednesday kan nínú ìsinmi dára ju alẹ́ ọdún kankan lọ.

Àǹtí mi ti ra mẹ́ta, fún Tuesday kan nínú September. Ọmọ náà ní òun ò wọ aṣọ Spider-Man, agbádá funfun àti fìlà ni òun fẹ́ wọ̀, kí gbogbo èèyàn lè dá òun mọ̀ nínú fọ́tò.

Màmá mi ńkọ́? Lẹ́yìn tí mo ka gbogbo rẹ̀ tán fún wọn lánàá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Eélòó ni owó páákì yẹn nígbà náà?" Mo ní n kò rántí. Mo rántí. Náírà 1,500 ni.