Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Sí Owó Ọmọ Òrukàn Tó Wà Lọ́wọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ olùdarí bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò)



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ní kí á bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gba àmáànà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìṣirò rẹ̀ pamọ́. Dọ́là 1,840 tí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́ fún owó ilé-ìwé ọmọ òrukàn mẹ́rìnlá ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀. Àwa fúnra wa ni a ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ ó rántí pé iye tí wọ́n ń gbà kí owó tó ti òkè òkun dé ọ̀dọ̀ wa máa ń jẹ lára sàká náà. Ìdí nìyí tí àwọn ará wa fi dá a lábàá pé kí á máa gba owó ní USDT, ìyẹn owó kírípítò kan tí iye rẹ̀ máa ń bá dọ́là dọ́gba. Akápò wa ṣí àpò rẹ̀ sórí fóònù. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sí wàhálà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ fẹ́ wọlé, ímeèlì kan dé. Àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe àpò náà wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní bí a kò bá fi ẹ̀rí hàn láàárín wákàtí 24 pé àwa la ni àpò, àwọn yóò tì í pa. Akápò wa ro ti àwọn ọmọ, ẹ̀rù bà á, ó tẹ líǹkì tí wọ́n fi sí i. Ojú ewé tó ṣí jọ ti gidi bí Táyéwò ṣe ń jọ Kẹ́hìndé. Wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ àṣírí méjìlá tó gbà lọ́jọ́ tó ṣí àpò náà. Ó kọ ọ́. Nígbà tí yóò fi kírun Alásàrì tán, àpò ti ṣófo.

Àwọn òyìnbó ń pe irú èyí ní phishing, ó sì jọ iṣẹ́ apẹja: wọ́n fi ìdẹ bo ìwọ̀. Ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn, tó máa ń jẹ́ 24 nínú àpò míràn, ni kọ́kọ́rọ́ owó náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ni owó. Kò sí ilé-iṣẹ́ gidi tó ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Bí owó bá sì ti lọ, kò sí mánijà báńkì tí a lè sáré lọ bá. Ìwé àkọsílẹ̀ kírípítò wà ní gbangba. Títí di òní a ń rí ibi tí owó náà kọ́kọ́ gbà lọ, ọwọ́ wa kò kàn lè tó o ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe USDT máa ń ti àpò olè pa nígbà míràn bí agbófinró bá bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti yá.

Ibí yìí gan-an ni ó ti dùn wá jù. Ìtìjú kò jẹ́ kí akápò wa sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan kàn sí i pé òun lè gba owó náà padà bí ó bá san owó iṣẹ́ ṣáájú. Olè kejì nìyẹn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun pé ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó sì ní kó wá bá wa.

Ẹ má rò pé àwọn tí kò mọ̀wé nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn olè kó nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là kan àti ààbọ̀ ní Bybit, ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ kírípítò ńlá kan. Ilé-iṣẹ́ FBI ti Amẹ́ríkà sọ pé àwọn ará Kòríà Àríwá ló wà nídìí rẹ̀. Ohun tí àwọn tó fọwọ́ sí ìsanwó náà rí lójú kọ̀ǹpútà kọ́ ni ohun tí wọ́n fọwọ́ sí.

Àwọn kan ti béèrè pé ṣé òfin tilẹ̀ gba kírípítò láyè. Ní oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ó dẹ okùn náà. Òfin ìdókòwò ọdún 2025 sì ti fi í sábẹ́ àbójútó àjọ SEC. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ̀rọ̀ méjìlá.

Àwọn áfáà wa ṣàlàyé pé ẹni tí a fún ní àmáànà kì í san án bí ó bá sọnù, àfi tó bá kọjá ààlà tàbí tó ṣe àìbìkítà. A bi ara wa: ṣé a kò ṣe àìbìkítà? Owó ọmọ mẹ́rìnlá, ẹnì kan ṣoṣo ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bi gbogbo wa ni. Akápò wa ní òun yóò ta ọkọ̀ òun. A kò gbà fún un. Àwa méje tó wà nínú ìgbìmọ̀ ni yóò san owó náà láti àpò ara wa. A ti san ti sáà yìí, ọmọ kankan kò sì ní jókòó sílé.

Láti ìsinsìnyí, báńkì tó ní orúkọ ẹgbẹ́ ni owó yóò máa gbà wọlé, ènìyàn mẹ́ta ni yóò sì máa fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà, bí ìkìlọ̀ bá dé lórí fóònù, ẹ má tẹ líǹkì inú rẹ̀. Ẹ fúnra yín lọ síbi tí ẹ ti mọ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ̀wé sí EFCC tàbí ọlọ́pàá. Ẹni tó bá wá sọ ọ́, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹ̀rù yẹ̀yẹ́ ló gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ wa.

A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, lọ́wọ́ àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Kí Ọlọ́hun forí jì wá, kó fi èyí tó lóore jù rọ́pò ohun tó sọnù, kó sì jẹ́ kí á lè dáhùn nígbà tí Ó bá bi wá nípa àmáànà. Àmín.