Obì kì í ṣe Tábà inú Agolo



Àwọn amukòkò mọ̀ pé tábà tí a bá dé mọ́ inú agolo, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, a máa pẹ́ lọ́dún púpọ̀, òórùn rẹ̀ a sì máa dùn sí i. Ẹnìkan lè bèèrè pé, kí ló dé tí àwa ará Rẹ́mọ kò fi agolo pa obì mọ́? Ìdáhùn kò jìnnà. Tábà ti kú. Obì wà láàyè. Irúgbìn ni, ó ń mí, ó sì ń làágùn. Bí a bá sé e mọ́ inú irin, òógùn ara rẹ̀ ni yóò mú un bu, tí yóò sì jẹrà.

Ẹ wo ọgbọ́n àwọn ìyá wa ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Bí wọ́n bá la èso gbàǹja tán, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi títí awọ funfun ara rẹ̀ yóò fi rọ̀. Wọn a bó o, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì dà á sínú agbọ̀n fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè làágùn. Lẹ́yìn èyí, wọn a ṣà á: èyí tí kòkòrò lu lọ́tọ̀, èyí tí ó dá lọ́tọ̀. Èyí tí ó dá ni wọ́n ń fi ewé tútù bò nínú agbọ̀n. Ewé náà kò jẹ́ kí ó gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò dí i nímú. Bí ewé bá gbẹ, wọn a pààrọ̀ rẹ̀, wọn a sì tún obì ṣà. Báyìí ni obì ṣe ń pé oṣù púpọ̀, tí àwọn Hausa oníṣòwò ní Sábó Ṣàgámù fi ń kó o dé Òkè Ọya ní tútù.

Ṣùgbọ́n àwọn kan kò ní sùúrù ṣíṣà mọ́. Oró apakòkòrò ni wọ́n ń bù sí obì. Oró tí ń bẹ nínú Gammalin 20, tí a ti fi pa kòkòrò lóko kòkó rí, wà lára èyí tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm kọ̀ sílẹ̀ ní 2009. Ní 2019, NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré dichlorvos káàkiri ọjà. Ẹ rántí pé a kì í se obì. Ní tútù ni a ń jẹ ẹ́.

Oko ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọ inú èso tí ó ti sán. Ẹ tètè ká a, ẹ tètè bó o, ẹ má sì ṣe kó aláàbọ̀ ara mọ́ èyí tí ó dá.

Obì ni a fi ń wúre kí ikú ó bì. Èyí tí a fi oró pa mọ́, ikú wo ni yóò bì? Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n ewé lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́.