Sinimá tí kò sọ̀rọ̀



Ọ̀pọ̀ sinimá tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, Faransé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé á kàn máa wo ẹnu wọn ni, títí ọmọ rẹ̀ á fi túmọ̀ fún un. Sinimá tí mo fẹ́ kí a wò kò nílò ògbufọ̀. Koyaanisqatsi ni orúkọ rẹ̀. Godfrey Reggio ló ṣe é ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní ọdún 1982. Philip Glass ló ṣe orin rẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 26 ló gbà. Ẹnikẹ́ni kò bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwòrán àti orin ni.

Kí la máa rí? A máa rí àpáta ńláńlá, omi, àti àwọsánmà tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ dé, ó ń wa ilẹ̀. Wáyà iná gba orí ilẹ̀ kọjá. Ní ìlú ńlá, mọ́tò ń ṣàn lóru bí odò. A máa rí àwọn ilé gogoro ìlú St. Louis. Ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n kọ́ wọn, ní 1972 wọ́n ti ń fi ẹ̀tù wó wọn. Ní ìparí, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbéra, ó bú gbàmù, ó ń jó bọ̀ nílẹ̀.

Èdè àwọn Hopi, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni orúkọ sinimá náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ayé tí kò dọ́gba mọ́.

Ẹ lè ní, kí ló kàn wá? Ó kàn wá o. Ní Onigbolo, nítòsí wa níbí, wọ́n ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. A fẹ́ sìmẹ́ǹtì, a fẹ́ ọ̀nà, a fẹ́ iná. Àwa náà ń ṣán igbó ká lè rí oko dá. Sinimá yìí kò ní ká máà kọ́lé, kò sì ní ká máà dáko. Ó kàn gbé àwòrán ka iwájú wa ni. Àwa la máa sọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ dúró.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní ká wò ó pọ̀, kì í ṣe kí kálukú dá wò ó lórí fóònù. Àgbà tí kò mọ̀wé, tó mọ bí etí odò ti rí kí wọ́n tó gé igi ibẹ̀, ó ní ohun tó máa sọ tí ọmọ yunifásítì kò mọ̀.

Mi ò ní tàn yín: ó máa ń fa díẹ̀, oorun lè kun àwọn ọmọdé. Ẹ dá a dúró láàárín, kí ẹ sinmi. Ìwé kíkọ máa yọ ní ìparí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Kí ẹni tó gbọ́ ọ túmọ̀ rẹ̀, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa sì kọ ọ́ sínú ìwé yín ní Yorùbá. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà náà tẹ̀ lé e, kó má baà sọnù.

Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká wò ó, ká sì jọ sọ̀rọ̀.